ÀMÌ DÚDÚ LÓJÚ: ÀMÌ NI KÍ A WÒ, KÍ A MÁ BÓ ARA

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ọjà wa gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń po kírímù nínú abọ́ wá síwájú ẹgbẹ́, ariwo pọ̀ débi pé Ìyálọ́jà ní láti lu tábìlì. Àwọn kan ní kí a lé wọn lọ. Àwọn kan ní oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ìyá kan tó ń ta púpurù wá dìde, ó ti gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ wo ojú mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí àmì yìí ti wà níbẹ̀. Ẹ ní kí n má ra kírímù, ó dáa. Kí ni kí n wá lò?" Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tó rí èsì fún un, àwa akọ̀wé náà ò rí. Èsì yẹn la wá kọ sílẹ̀ yìí.

Ká tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Àwa tí a ń kọ̀wé yìí ti ta kírímù rí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí tíúbù kéékèèké fi wà lórí tábìlì wa láàárín ọṣẹ àti àtíkè. A kì í ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára; ìwé mẹ́fà la kà, lẹ́tà ara tíúbù sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Ohun tí a mọ̀ ni pé ó ń tà. Nígbà tí àmì yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa náà, orí tábìlì ara wa la ti mú ọ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ojú mọ́ rekete, àwọn oníbàárà ń béèrè ohun tí a ń jẹ. Ìgbà tí a dá a dúró, àmì padà dé, ó sì kó ẹbí rẹ̀ dání: irorẹ́ wẹ́wẹ́, àti awọ tó ń ta bí ata bí oòrùn bá ti kàn án. Ọmọ wa obìnrin tó wálé fún Kérésì ló ka ẹ̀yìn tíúbù fún wa. Clobetasol ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, "Màámi, oògùn rèé, kì í ṣe ìpara." Ọjọ́ yẹn la kó ìyókù kúrò lórí tábìlì, owó ọjà sì wọ igbó.

ARÓ TÓ DÀ SÍLẸ̀

Ẹni tó bá ti dé ìdí ìkòkò aró rí yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Nínú awọ ẹ̀dá, àwọn aláró kéékèèké kan wà tí ojú ò lè rí, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa po aró lọ. Aró yìí, tí oyinbo ń pè ní melanin, ló ń fún wa ní àwọ̀ dúdú wa, òun náà ló sì ń gba ìjà oòrùn kí ó má baà wọ inú ẹran ara. Bí nǹkan bá pa awọ lára, bóyá irorẹ́ tí a fi èékánná tẹ̀, tàbí ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ tí a họ, tàbí epo gbígbóná tó ta síni, ẹ̀rù á ba àwọn aláró, wọ́n á po àpọ̀jù, aró á dà sílẹ̀. Egbò á jinná, aró tó dà á kù síbẹ̀. Àwa aláwọ̀ dúdú la ń ní i jù, nítorí aró wa pọ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìdọ̀tí, bí ẹ sì fi kànìnkànìn bó o, ẹ óò tún pa awọ lára ni, aró mìíràn á tún dà.

Irú kejì wà, òun ló wà lójú ìyá oní-púpurù. Ó máa ń tẹ́ bí máàpù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, sí iwájú orí àti òkè ètè. Melasma ni àwọn dókítà ń pè é. Oyún ń fà á. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró ń fà á fún àwọn mìíràn. Ó ń rìn nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n oòrùn ni ọ̀gá rẹ̀, ooru iná sì ni igbá-kejì. Ẹ wá wo iṣẹ́ wa: ẹni tó ń yan gàrí, ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó jókòó sójú oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń pa kírímù lálẹ́, tó tún ń gbé ojú sí iná lọ́sàn-án, ó ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ tó ń jò ni.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe gbogbo dúdú ni àmì o. Àmì tó bá ń tóbi sí i, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná, ẹ má fi nǹkan kan pa á, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá. Bob Marley olórin, abẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ ti mú un, òun ló sì pa á ní 1981. Àwọn tó ní kò sí jẹjẹrẹ awọ fún dúdú ò sọ òótọ́.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ TÍÚBÙ

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń bó ara àti ohun tó ń wo àmì, ọ̀pọ̀ ìgbà nǹkan kan náà ni. Ìyàtọ̀ wọn ò ju òṣùwọ̀n lọ, ọjọ́ tí a fi lò ó, ibi tí a pa á sí, àti ẹni tó ń mójú tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóńgò wọn ìrẹsì, ẹ mọ ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú hydroquinone, òun ló lórúkọ jù. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ tí ń wọ yàrá òkùnkùn láti fọ fọ́tò, ó wà nínú omi tí wọ́n fi ń mú àwòrán jáde. Lára ènìyàn, ṣe ni ó ń di ọwọ́ aláró mú kó má lè po aró. Àwọn dókítà awọ ń lò ó títí di òní, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lò ó rèé: 2 nínú 100, tàbí kí ó gòkè dé 4 bí dókítà bá kọ ọ́, orí àmì nìkan, kì í ṣe gbogbo ojú, ká má tilẹ̀ wá sọ gbogbo ara, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, lẹ́yìn náà kí a dá a dúró. Aláboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, kí a fi sílẹ̀, kì í ṣe pé kí a wá èyí tó le jù.

Ẹni tó bá ń lò ó lọ láìdúró ńkọ́? Ní 1975 àwọn dókítà ní South Africa kọ̀wé lórí àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n ti ń pa á fún ọdún púpọ̀. Ojú wọn kò pupa mọ́. Ó ti dúdú bí ẹ̀lú, ó rí ṣákaṣàka bí ẹyin ẹja, ní ibi egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an tí wọ́n ti fẹ́ kó mọ́. Ochronosis ni orúkọ rẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń tètè mú un kúrò. Ẹ ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ẹ kàn ń rò pé oòrùn ló sun ún ni. Ẹni tó ní i á tún lọ ra kírímù sí i, kó lè pa dúdú tí kírímù fà. Ní 1990 South Africa ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí nínú ìpara ọjà mọ́. Côte d'Ivoire lé àwọn ìpara abóra kúrò nílùú ní 2015, Gánà náà fòfin de hydroquinone nínú ìpara ní 2016. Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin NAFDAC ni pé ìpara tí a ń tà fún ẹ̀ṣọ́ ò gbọdọ̀ ní ju 2 nínú 100 lọ, mercury ò sì gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń po kírímù nínú abọ́, ẹ má bínú sí wa, ẹ gbọ́ tiyín náà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ po ó. Ní 1975 kan náà, àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Kligman àti Willis, po mẹ́ta pọ̀: hydroquinone, tretinoin, àti steroid. Ó wo àmì lóòótọ́, títí di òní àwọn dókítà ṣì ń lo irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ka ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi lò ó, wọ́n sì ń wo ojú aláìsàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tiyín, tíúbù mẹ́ta ti ibì kan, ìpara ìrun díẹ̀, òróǹbó wẹ́wẹ́, ẹ ó rò ó pọ̀ mọ́ ìpara oníke ńlá, ẹ ó ní kí oníbàárà fi para láti orí dé ẹsẹ̀ ní àárọ̀ àti alẹ́. Ta ló lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè tó múlé gbè wá yìí, àwọn ènìyàn mu ọtí, ojú wọn fọ́, ó lé ní mẹ́wàá tó kú kí a tó mọ̀ pé methanol ló wọ inú rẹ̀. Ojú ò lè rí i, imú ò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Àwa tí a wà níbí nígbà náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún máa sọ fún wa pé "mo mọ ohun tí mo pò".

Ti steroid, tíúbù wọn pọ̀ ju ata lọ: clobetasol, betamethasone àti ẹgbẹ́ wọn. Oògùn gidi ni fún àwọn àrùn awọ kan, fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ìpara, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bí ewé àlùbọ́sà, iṣan á máa hàn, ara á máa là ní itan àti apá. Làpálàpá tó wà níbẹ̀ á sá wọ abẹ́, á máa gbilẹ̀ láìrí i. Tó bá wọ ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà dìde. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, a ò ní dárúkọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ là, ìyá là, ojú abẹ ò jinná. Wọ́n rán an, ó ya. Wọ́n tún un rán, ó tún ya. Ìgbà yẹn ni dókítà tó béèrè ohun tó ń pa sára, tó sì fi yé e pé awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ kọjá ohun tí okùn lè dì mú. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní títì, ẹ rántí pé ẹgbẹ́ ló dá owó tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀ ń mu omi ìrẹsì nílé ìyá bàbá rẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni mercury. Ó ń mú ara mọ́ kíákíá, ó sì ń lọ jókòó sínú kíndìnrín. Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi rí àwọn obìnrin tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí kíndìnrín wọn ti ń jò, ìpara olómercury ni wọ́n ń lò. Ó máa ń gba ara tówẹ̀lì àti ìbora kan ọmọ inú ilé tí kò pa nǹkan kan. Àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Minamata ti ní kí wọ́n má ṣe ìpara onímercury mọ́ láti 2020, síbẹ̀ wọ́n ń kó o wọlé. Bí ẹ kò bá mọ ìwé kà, ẹ ní kí ọmọdé bá yín wo méjì yìí lára páálí. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tó bá ní "mercur" nínú, tàbí "calomel". Ìkejì, bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ má jẹ́ kó kan góòlù, fàdákà tàbí alumí. Mercury ló máa ń jẹ góòlù. Ìpara tó lè ba yẹtí yín jẹ́, kí ló fẹ́ ṣe lára yín?

Ẹ ó tún rí monobenzone. Ìyẹn kì í wo àmì rárá, ó ń pa aláró fúnra rẹ̀ ni. Ní 1939, ní ilé iṣẹ́ awọ kan ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ funfun báláú nítorí pé ó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀. Ibi tó bá funfun bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ọ́ ní 2011 pé nínú obìnrin 100 ní Nàìjíríà, 77 ló ń lo ohun tí ń mú ara mọ́ déédé. Ní ojú tiwa ó pọ̀ jù fún Àjàgbà. Bí a bá ka ìsọ̀ dé ìsọ̀ a ò ní rí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Fela ti fi í kọrin ní 1976, ó pè é ní "Yellow Fever", àwọn ìyá wa jó sí i dáadáa, wọ́n sì padà sílé lọ pa kírímù.

KÍ LÓ WÁ KÙ LÁTI LÒ?

Ìyá oní-púpurù, ẹ gbọ́ o.

Ohun tó fa àmì ni kí a kọ́kọ́ dá dúró. Irorẹ́ ni? Ẹ wo irorẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Làpálàpá ni? Oògùn làpálàpá. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni? Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì kó yí i padà, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a dúró kí oyún má lọ gba ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn náà, oòrùn. Fìlà eléèpo fẹ̀ǹfẹ̀, agbòòrùn ńlá, kí ìdáná kúrò níwájú ojú. Ìpara adènà oòrùn wà, ẹ wo SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀, kí ẹ pa á láàárọ̀, kí ẹ tún un pa lọ́sàn-án. Fún melasma, èyí tó ní àwọ̀ bí àtíkè ló dáa jù, nítorí ìmọ́lẹ̀ lásán náà ń ru aró wa sókè. A mọ̀ pé ó wọ́n. Bó bá jẹ́ owó nǹkan kan ṣoṣo lẹ ní, òun ni kí ẹ rà, kì í ṣe kírímù. Bí kò bá tilẹ̀ sí owó rẹ̀, fìlà.

Nínú àwọn èròjà tí ń mú àmì ṣí, èyí tí ọkàn wa balẹ̀ sí jù ni azelaic acid. Ó máa ń wà lára ọkà bíi bálì. Ó ń wo irorẹ́, ó ń wo àmì, àwọn dókítà sì máa ń gbà kí aláboyún lò ó. Ó máa ń yún díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Niacinamide wà, fítámì B3 ni, kì í le. Fítámì C náà wà. Kojic acid wá láti ara ebu tí àwọn ará Japan fi ń po ọtí ìrẹsì. Ó ń ṣiṣẹ́ níwọ̀nba, ó sì máa ń ta àwọn kan lára, kí ó má ju 1 nínú 100 lọ. Tretinoin dáa, ṣùgbọ́n aláboyún ò gbọdọ̀ lò ó, oòrùn á sì tètè pa ẹni tó ń lò ó. Ohun yòówù kí ẹ rà, kí ó ní nọ́mbà NAFDAC, kí páálí rẹ̀ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti iye rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí fún ọjọ́ méjì ná kí ẹ tó gbé e dé ojú.

Ọ̀rí àti àdí àgbọn ń mú awọ rọ̀, wọn kì í ṣí àmì. Òróǹbó wẹ́wẹ́ ni kí ẹ jìnnà sí. Omi rẹ̀ lójú, pẹ̀lú oòrùn, á jó awọ, àpá rẹ̀ á sì dúdú ju èyí tí ẹ fẹ́ wò lọ.

Ẹ ní sùúrù. Aró tó ti dà kò sí ẹni tó lè fà á jáde; awọ ló máa ń yọ ọ́ dànù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni kí ẹ fi ọkàn sí, èyí tó bá ti rì sísàlẹ̀ á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kírímù tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi í léèrè ohun tó gbé dání. Ẹni tó bá sì ti ń lo steroid pẹ́, kó má dá a dúró lójijì. Kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, wọ́n á fi ètò dín in kù fún un, bí ó bá sì le, wọ́n á kọ̀wé fún un lọ bá dókítà awọ ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó.

Ìyá oní-púpurù ti lọ sí Òkìtìpupa lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Azelaic acid ni wọ́n kọ fún un, wọ́n sì ní kó gbé ìdáná rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ooru má máa bì lù ú. Ó ti lo oṣù méjì àti díẹ̀. Ó ní ó ti ń ṣí láti apá etí wá, àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò tíì gbọ́. Tiwa náà ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí àwọ̀ tíì olómi púpọ̀ ni, a ò sì pa nǹkan kan sí i ju ìpara oòrùn lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń po kírímù ṣì wà nílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ gbé síwájú ẹgbẹ́ ni pé kí abọ́ kúrò lọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má sì lé ènìyàn. Kí ẹgbẹ́ yá wọn lówó láti inú àpò àjọṣe, kí wọ́n fi ra ọ̀rí, àdí, ọṣẹ dúdú àti ìpara oòrùn, kí wọ́n máa tà á níbi tí wọ́n ti ń jókòó. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ kó tíúbù àti ike ilé yín dání, ẹ má yọ páálí rẹ̀ sọnù. Ọmọ wa á wà níbẹ̀ láti bá wa ka lẹ́tà wẹ́wẹ́.